Ìgbà òjò méjì ti rọ̀ lé iṣẹ́ kọ́ńtírátọ̀ tó tún ilé màámi ṣe, mo lè sọ̀rọ̀ báyìí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹni tí ò ráyè kàwé gígùn máa bá tiẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ti orí ilé, ti omi àti ti iná, mo lè pe ọ̀gá yìí padà lọ́la òde yìí. Tó bá jẹ́ ti táìsì, rárá o, màá fúnra mi wá onítáìsì. Ti àkókò wá ńkọ́? Kó yáa má dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé ẹ̀. Máàkì tí mo fún un ni 7 nínú 10, àbúrò mi tó ń gbé inú ilé náà nígbà tí wọ́n ń fọ́ ògiri ní 5 ló tọ́ sí i, àwa méjèèjì ò tíì yanjú ẹ̀ dòní. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, torí kì í ṣe ìyìn nìkan ló wà lẹ́nu mi, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́jú ọmọ.

Ilé náà wà l'Òkè-Àdó n'Íbàdàn níbí, búńgálò oníyàrá mẹ́ta tí bàámi kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1978, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló sì jẹ́ ti ayé ìgbà yẹn: páànù tó ti pọ́n kanlẹ̀ (ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Mápó wo ìsàlẹ̀ rí mọ àwọ̀ tí mò ń wí), sílíǹgì asbestos, wíńdò lúfà, páìpù irin tí omi pupa máa ń tinú ẹ̀ jáde láàárọ̀, wáyà tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, ilẹ̀ terrazzo. Màámi ti lé lẹ́ni ọdún 75, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, bọ̀ọ̀dá wa sì ti ní kí wọ́n kó wá sí ilé kékeré kan ní Àkóbọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní inú ilé ọkọ àwọn làwọn máa wà, kí ẹni tó bá lówó tún un ṣe fún àwọn. Ọ̀rọ̀ parí.

Kí kọ́ńtírátọ̀ kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ la ti jókòó, èmi, àbúrò mi, pẹ̀lú bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Manchester lórí fóònù, a mú bébà, a kọ ohun tí òjò ń bà jẹ́ sápá kan, ohun tí ojú kàn ń fẹ́ sápá kejì. Orí ilé, páìpù, wáyà, balùwẹ̀ Màámi, ìyẹn wà lápá kìn-ín-ní. POP (sílíǹgì funfun oníṣẹ́ ọnà), géètì tuntun, kíṣìnnì olówó ńlá, ìyẹn bọ́ sápá kejì. Bébà yẹn gbà wá lọ́wọ́ ìjà gan-an ni, torí gbogbo kọ́ńtírátọ̀ tó ń wá ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí POP, ohun tí àlejò máa rí ni wọ́n fẹ́ fi ta iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi POP ṣáájú orí ilé, òjò àkọ́kọ́ ló máa wá kí i kú ilé tuntun. Ètò ẹ̀ ò tiẹ̀ ṣòro: orí ilé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbẹ́ ògiri fún páìpù àti wáyà, kí wọ́n rẹ́ ẹ padà, kí sílíǹgì wọlé, kí táìsì tẹ̀ lé e, ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Ẹ bi àwọn tó ti kunlé tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò tíì fa wáyà AC.

Ẹni mẹ́ta la pè wá wo ilé. Ẹni àkọ́kọ́ rìn yí ilé po, kò gun àjà, kò ṣí ẹ̀rọ omi kankan, nígbà tó dalẹ́ ó fi voice note ránṣẹ́: mílíọ̀nù 8, "gbogbo ẹ̀ gbogbo ẹ̀." Mo bi í pé gbogbo kí ni, ó ní màdáámù, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ẹni kejì jẹ́ kọ́ńpìnnì tó ní ọ́fíìsì gidi, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wọ T-shirt kan náà, wọ́n ya pálọ̀ wa sórí kọ̀ǹpútà débi pé Màámi béèrè pé ilé ta nìyẹn. Mílíọ̀nù 16, ká san ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Àwòrán yẹn rẹwà lóòótọ́, àmọ́ nínú gbogbo bébà tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ irú páànù tàbí irú wáyà tí wọ́n fẹ́ lò sí.

Ẹnì kẹta lọ̀gá yìí. Ó gun àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí, ó ní ká jẹ́ kóun rí sókáwéè, ó wá béèrè lọ́wọ́ Màámi pé tí atẹ́gùn bá fẹ́ òjò wá látẹ̀yìnkùlé, yàrá wo ló máa ń kọ́kọ́ jò. Màámi dìde, wọ́n mú un lọ síbẹ̀, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti fẹ́ràn ẹ̀. Kótéṣọ̀n tó kọ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 12, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: páànù alumíníọ̀mù long span 0.55 (bó ṣe nípọn tó ní mílímítà nìyẹn) àti iye square mita tó máa gbà, pákó 2 by 3, 2 by 4, 2 by 6, èyí mélòó, tọ̀hún mélòó, wáyà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún AC, iye páìpù, ó dé orí ìṣó. Owó àwọn oníṣẹ́ dá wà lọ́tọ̀. Owó tiẹ̀, ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà dá wà lọ́tọ̀, kò fi pamọ́ sínú páànù. Nísàlẹ̀ pátá ló kọ ọ́ sí pé iye yìí ò kọjá ọ̀sẹ̀ méjì o. Inú bí àbúrò mi sí ìyẹn, àmọ́ 2023 la wà, náírà tí wọ́n tú sílẹ̀ ní June ọdún yẹn ò tíì rí ibi dúró sí, ta ló fẹ́ dúró ní gárántì iye páànù fún oṣù mẹ́ta?

Síbẹ̀, kì í ṣe kótéṣọ̀n yẹn ló jẹ́ ká gbéṣẹ́ fún un. Gbogbo wọn ló ní fọ́tò lórí fóònù, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, kò sì sí ilé tí wọ́n kùn lánàá tí kì í rẹwà. Mo ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú mi lọ sí ilé tí wọ́n ti parí ó kéré tán lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí òjò ti pa á, kí oòrùn ti pa á, kí àwọn tó ń gbébẹ̀ ti lo balùwẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Oní-voice-note ní àwọn oníbàárà òun ti rìnrìn àjò. Àwọn kọ́ńpìnnì ní ìlànà àwọn ò gba ìyẹn láyè. Ọ̀gá yìí ló mú mi lọ sí Fẹ́lẹ́lẹ̀, ó tún mú mi lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ gbójú sókè wo sílíǹgì, pàápàá ní kọ̀rọ̀ tí apá méjì òrùlé ti pàdé àti ibi tí páìpù ti gba inú páànù yọ jáde, ibẹ̀ ni àmì omi rúsúrúsú máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan táìsì lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, èyí tó bá ń dún gbúngbún, inú ẹ̀ ṣófo nìyẹn, ọjọ́ tí nǹkan wíwúwo bá já lù ú ló máa fọ́. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí wọ́dúróòbù tó fẹ̀yìn ti ògiri balùwẹ̀, kẹ́ ẹ fimú gbọ́ ọ. Ẹ fọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lo áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù sí, kò yẹ kó gbóná. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi onílé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí nǹkan bàjẹ́ lẹ́yìn tó ti gbowó ẹ̀ tán, ìgbà wo ló tó wá? Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó mọṣẹ́, torí ọmọ Yorùbá ò ní fẹ́ ba èèyàn jẹ́ lójú ara ẹ̀, wọ́n á kàn ní ó gbìyànjú. Ìyá tó wà ní Fẹ́lẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, á wá o, ẹ ṣáà máa pè é títí ni. Tó bá ti dé, á ṣe é." Gbólóhùn yẹn, kò sí èyí tí kò ṣẹ mọ́ wa lára nínú ẹ̀.

A gbéṣẹ́ fún un ní September, ọ̀gá ní òun ò ní ṣí orí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pé oní-voice-note ti ní kóun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pé tapólì wà. Òjò Ìbàdàn, láti bíi March títí wọ October ni, ó ń sinmi díẹ̀ ní August, ìsinmi August yẹn gan-an ló sì máa ń tan àwọn èèyàn jẹ tí wọ́n á fi ní káwọn sáré ká páànù, September á wá bá wọn lórí ẹ̀. Ó sọ fún wa pé November lòun máa ká a. Ó fi October ra pákó ní Bódìjà, ó tò ó sẹ́yìnkùlé kó gbẹ, ó sì fi solignum kùn ún nítorí ikán, ó ní pákó tútù tí wọ́n bá kàn mọ́ orí ilé máa ń lọ́ bó bá ṣe ń gbẹ, páànù á sì bá a lọ́. Àbúrò mi ní ọgbọ́n kó lè máa ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì ló ń dá. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ibi tí mo ti gbà fún un pátápátá ni sílíǹgì asbestos. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí lébìrà kàn fi àáké fọ́ ọ dànù, ọjọ́ kan ni. Asbestos kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fọ́ bẹ́ẹ̀, eruku ẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, àjọ WHO sì ti sọ pé kò sí irú asbestos kankan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Ọ̀gá ní kí Màámi lọ lo ìgbà yẹn lọ́dọ̀ mi, ó kó gbogbo nǹkan inú yàrá jáde, ó ní kí wọ́n fi omi wọ́n ọn kó tutù, kí wọ́n yọ ìṣó, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi lódindi, wọ́n wé e sínú ọ̀rá tó nípọn. Ó ra ìbòmú gidi fún wọn, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù ìgbà Kòró. Lóòótọ́, bó ṣe ń kúrò ní sáìtì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n, àbúrò mi ló ń pariwo lé wọn lórí. Ibi tó sì wá kó asbestos yẹn lọ, àlàyé tó ṣe ò tẹ́ mi lọ́rùn títí dòní, máàkì kan lọ níbẹ̀.

Ti páànù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe orí ilé, ẹ gbọ́ o: 0.55 tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ gbogbo ìgbà. 0.45 ló pọ̀ lọ́jà, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ọ̀dà ara ẹ̀ náà sì tún máa ń fi kún un. Ọ̀gá yìí ní irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn, micrometer, ó wọn páànù níwájú wa nígbà tí wọ́n ń já a, ó dá díẹ̀ nínú ẹ̀ padà, ó sì bá awakọ̀ jà lójú pópó. Ìjà yẹn dùn mọ́ mi. Àwọn káfíńtà ẹ̀ náà mọṣẹ́, ọkùnrin àgbà kan wà nínú wọn tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń fi okùn wọn gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e.

Lẹ́yìn náà la kan ògiri àárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun, èyí tí bọ̀ọ̀dá wa fẹ́ ká wó kí pálọ̀ lè fẹ̀. Ọ̀gá tún gòkè lọ wò ó, ó ní igi tó gbé òrùlé dúró lórí ògiri yẹn, pé ẹni bá wó o báyìí, ilé máa kó sí i lórí. Ó ní ká pe ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ COREN, àjọ tó ń mójú tó àwọn ẹnjiníà ní Nàìjíríà, wá wò ó, a sanwó fún ìyẹn lọ́tọ̀, òun ló ṣírò irin tó máa wọ inú bíìmù. Wọ́n fi òpó pákó gbé òrùlé ró kí wọ́n tó kan ògiri rárá, wọ́n da kọnkéré, wọ́n sì fi pákó náà sílẹ̀ títí ó fi pé ọjọ́ 28, torí ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń ṣírò agbára kọnkéré, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ọmọ iṣẹ́ kan ń bu omi sí i lára láàárọ̀ lálẹ́. Àlejò wa, gbogbo ẹni tó wọlé nígbà yẹn ló ń béèrè pé igbó wo la gbìn sí pálọ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n lò níbẹ̀, mo lọ ka ara àpò ẹ̀, 42.5 ni (nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ẹ̀ ṣe tó), bó ṣe yẹ kó rí. Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ti pín in pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 ni kí wọ́n fi dá búlọ́ọ̀kù, òpó, bíìmù àti dẹ́kíǹ. Bọ̀ọ̀dá wa tún dá àbá pé ṣé a ò lè kúkú gbé òkè kan lé ilé náà, ẹnjiníà wo ìpìlẹ̀, ó wo bọ̀ọ̀dá lójú fídíò, ó ní rárá sà. Mo gba ti ẹnjiníà yẹn.

Rírẹ́ ògiri ló bọ́ sí àárín wàhálà. February 2024, ẹ rántí, sìmẹ́ńtì ti kọjá 10,000 náírà láwọn ibì kan, tí ìjọba pe Dangote, BUA àti Lafarge jókòó, tí wọ́n jọ fẹnu kò pé kó padà sáàárín 7,000 sí 8,000. Ní ọjà tiwa níbí, kò tètè gbọ́ ìpàdé yẹn. Ọ̀gá fi rìsíìtì ránṣẹ́ sórí WhatsApp kó tó rà, iye tẹ́lẹ̀, iye ìsinsìnyí, ìyàtọ̀ ẹ̀, ṣé kóun rà tàbí kóun dúró. Àdéhùn wa nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀: ohunkóhun tí kò bá sí nínú kótéṣọ̀n, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ẹ̀, ká dáhùn, kó tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé kò bínú nígbà mìíì o, ó ní a ò fọkàn tán òun, mo ní ọ̀gá, mo fọkàn tán yín, náírà ni mi ò fọkàn tán.

Iná àti omi, ibẹ̀ ló ti gba máàkì tó pọ̀ jù. Wáyà Nàìjíríà ló kọ sínú kótéṣọ̀n, Cutix tí wọ́n ń ṣe ní Nnewi, ó sì já pálí ẹ̀ níwájú wa. Rìwáyà ẹ̀ ri irin ááàtì (irin tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀) mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó da omi sí i, ó dán an wò, nǹkan tí ilé yẹn ò ní látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Òun ló tún dábàá pé ká fa wáyà fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì lọ́tọ̀ sí bọ́ọ̀dù kejì, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tá a bá ra inverter, ẹ̀rọ tó ń fa iná látinú bátìrì, a ò ní máa fọ́ ògiri mọ́. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi kún owó ni. Kò pẹ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni NERC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn Band A (àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná ó kéré tán fún wákàtí 20 lójúmọ́) láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan ní April 2024, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá oní-solar, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa ń fọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Tiwa, ọ̀sán kan ni wọ́n so ó.

Omi, ó gé gbogbo páìpù irin dànù, inú èyí tí wọ́n yọ ti dí pa, ihò tó kù ò gba ìka ọmọdé. Páìpù tuntun wọlé, ó dí gbogbo ẹnu ẹ̀, ó ti omi sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí bíríkìlà tó bò ó. Ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, kí táìsì kankan tó dé ibẹ̀, ó dí ojú ihò omi, ó rọ omi sí i, ó fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri, ó ní tí omi bá fi lọ sílẹ̀ kúrò lójú àmì yìí láàárọ̀, a máa tún ilẹ̀ yẹn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́ńtírátọ̀ tí kò bá fẹ́ ṣe ìdánwò yìí, ẹ má jẹ́ kó rẹ́ ohunkóhun. Balùwẹ̀ Màámi fúnra ẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù: kò sí ohun tó ga tí ẹsẹ̀ lè kọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn bá fẹ́ gbabẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìjókòó tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ga sókè díẹ̀, irin ìdìmú wà lára ògiri tí wọ́n kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù gan-an, kì í ṣe mọ́ sìmẹ́ńtì òkè ẹ̀. Èmi náà ti dìrọ̀ mọ́ ọn wò.

Ilẹ̀ pálọ̀ wá ńkọ́. Gbogbo ẹbí ló ti ní ká lẹ táìsì bò ó, ọ̀gá ló ní rárá, pé terrazzo ọdún yẹn le ju táìsì tá a fẹ́ rà lọ, kí a kàn pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Wọ́n lọ̀ ọ́, eruku àti ẹrẹ̀ funfun kún gbogbo ilé, nígbà tí wọ́n parí ẹ, òkúta wẹẹrẹ inú ẹ̀ yọ, dúdú, funfun, pupa díẹ̀. Àǹtí wa àgbà kan dé, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ní ṣé owó ti tán ni tẹ́ ẹ ò fi rí táìsì rà. Owó táìsì pálọ̀ ló lọ sórí inverter.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti táìsì kíṣìnnì. Onítáìsì tó mú wá, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn: páálí 60 by 60 kan, ẹyọ 4 ló wà nínú ẹ̀, 1.44 square mita, kẹ́ ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí gígé. Kò fi kún un. Nígbà tó kù díẹ̀ tó tán, ó sáré lọ ra páálí míì, kò wo nọ́ńbà tó wà lára páálí tó yẹ kó bá ti tẹ́lẹ̀ mu, àwọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ kíṣìnnì wa báyìí, tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé láàárọ̀ ẹ máa rí i kedere. Sìmẹ́ńtì náà, ṣe ló ń bù ú sójú márùn-ún lábẹ́ táìsì kọ̀ọ̀kan dípò kó tẹ́ ẹ kárí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kàn án, ẹ gbọ́ gbúngbún. Balùwẹ̀ àlejò ló burú jù, omi ò lọ sójú ihò, ẹ̀yìn tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ló ń lọ dúró sí. Balùwẹ̀ yẹn, ọ̀gá wú u, ó tún un ṣe láti àpò ara ẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ti kíṣìnnì, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní "màdáámù, ta ló ń wolẹ̀ ní kíṣìnnì?" Màámi ń wò ó lójoojúmọ́, ọ̀gá mi. Èyí tó jọ mí lójú ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó dúró ti onítáìsì yẹn bó ṣe dúró ti púlọ́ńbà àti rìwáyà, ó hàn pé ohun tí òun fúnra ẹ̀ fẹ́ràn ló ń mójú tó.

Àkókò, January ló ní a máa padà wọlé, ó di ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde. Díẹ̀ níbẹ̀ tọ́, ti sìmẹ́ńtì, ti kọnkéré tó ní láti gbó. Èyí tó kù, ó ń ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì ni. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́, kì í gbé fóònù, ẹ máa pè é, á dún títí á gé, á wá yọ sí yín lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìkíni gígùn fún Màámi, tí Màámi á ní ẹ má bínú sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ náà máa ń lo omi táǹkì wa tán láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì fi àpò sìmẹ́ńtì òfìfo sílẹ̀ ní gbogbo igun àgbàlá. Níbi tí àbúrò mi ti yọ máàkì 2 ẹ̀ nìyẹn.

Owó, a ò san án ní àpapọ̀. A pín in sí ìpele: pákó àti páànù, kíkàn òrùlé tán, páìpù àti wáyà lẹ́yìn ìdánwò, rírẹ́, títí lọ. Bọ̀ọ̀dá wa ṣí àkáǹtì kan tí kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀ ju owó ilé yìí lọ, èmi ń fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́, àbúrò mi ń gbé fídíò rìn yí sáìtì po ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ mọ ìtàn àwọn tó wà lókè òkun tí wọ́n fi owó ilé ránṣẹ́ tí wọ́n wá bá igbó nílé, bọ̀ọ̀dá ò fura sí wa, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ ń gbọ́ ìtàn. Ohun èlò púlọ́ńbà, èmi àti ọ̀gá la jọ lọ rà á l'Ógùnpa, torí mo mọ̀ pé àwọn olùtajà máa ń fún kọ́ńtírátọ̀ ní kọmíṣọ̀n, mo sì bi í lójú ọ̀nà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń fún òun, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tá a san. Ẹlòmíì ò ní sọ. Bọ̀ọ̀dá ní ká lọ ra táìsì ní Orílẹ̀ ní Lagos pé ó dínwó níbẹ̀, owó ọkọ̀ àti èyí tó máa fọ́ lọ́nà ti jẹ ìyàtọ̀ yẹn, a fi sílẹ̀. A tún di ìpín 5 mú lọ́wọ́ nínú gbogbo owó, pé ó di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ká tó fún un. Kò fẹ́ràn ẹ̀, ó buwọ́ lù ú.

Òjò 2024 dé, June, kọ̀rọ̀ kan tí òrùlé ti pàdé lókè yàrá àbúrò mi jò. Mo pè é. Ẹ ti mọ bí fóònù ṣe ń rí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi dé ṣá, ó gòkè fúnra ẹ̀, kò fi ọ̀dà kọ́tà pa á lójú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó yọ páànù tó tẹ̀ síbẹ̀, ó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò, kò gba kọ́bọ̀. Lópin ọdún a fún un ní ìpín 5 ẹ̀. Òjò 2025 ti rọ̀ kọjá, ìjì tó ṣí páànù ojúlé kejì ò mú ìṣó kan lórí tiwa, sílíǹgì mọ́ kedere, ọ̀dà ìta ti ń ṣí díẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ń pa, ìyẹn ò dùn mí.

Ohun tó kù nínú bébà apá kejì ni fẹ́ńsì àti géètì. Ọ̀gá ti wá wọn ibẹ̀, kótéṣọ̀n ẹ̀ ti dé, ojú ìwé púpọ̀, iye ẹ̀ ga, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀ pé iye náà ò kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ní òun á parí ẹ̀ kó tó di Kérésìmesì. Àbúrò mi ní Kérésìmesì ọdún wo. A ṣì ń nájà.